Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Híta Onígáàsì àti Èéfín Tí Kò Lóòórùn

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú omi gbóná, èyí tí gbogbo wa ń pè ní híta onígáàsì, ìbéèrè méje la yàn. Àwọn tó kọ̀wé láti ilé ń lo híta kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tí sílíńdà ń bọ́. Omi kì í dúró nínú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣàn kọjá ló ń gbóná. Oríṣi mìíràn ni àwọn tó wà lókè òkun ní, a ó sì dá wọn lóhùn lọ́tọ̀. Ẹni tí híta rẹ̀ bá wà nínú balùwẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, kó ka ìdáhùn àkọ́kọ́ tán kó tó tún wẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ra híta onígáàsì líítà 6, púlọ́ńbà sì gbé e kọ́ sínú balùwẹ̀ wa. Omi ń gbóná dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá wẹ̀ tán, orí á máa fọ́ mi, òòyì á máa kọ́ mi, nígbà mìíràn èébì á fẹ́ gbé mi. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe òun. Ṣé ooru omi ni?
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àkóbọ̀, Ìbàdàn*

Màmá, ẹ má tan híta yẹn mọ́. Ẹ ti ẹnu sílíńdà pa lónìí, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi gbé híta náà jáde kúrò nínú balùwẹ̀.

Ooru omi kọ́, kò sì jọ ibà. Ibà kì í dúró de àkókò ìwẹ̀ kó tó dé. Àìsàn tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná híta bá ń jó, tó mú ẹni méjì nínú ilé kan náà, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde síta, èéfín carbon monoxide ni ká kọ́kọ́ fura sí. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́jú. Kò ní àwọ̀, kì í ta ojú, kò lóòórùn. Òórùn tí a ń gbọ́ lára gáàsì, ńṣe ni wọ́n fi sí i kí a lè mọ̀ bó bá ń jò. Carbon monoxide kò sí nínú sílíńdà rárá. Inú iná ló ti ń wá, nígbà tí atẹ́gùn kò bá tó iná jó. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara ló máa lẹ̀ mọ́, agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ènìyàn ń mí, ara rẹ̀ kò sì rí ọ́síjìn lò.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú balùwẹ̀. Kílò gáàsì kan nílò atẹ́gùn tó tó bíi kúbíìkì mítà 12 kó tó lè jó dáadáa. Híta líítà 6, bí ẹ bá ṣí i dé òpin, ń jó bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kílò kan ní wákàtí kan. Balùwẹ̀ tó jẹ́ mítà 2 ní gígùn, mítà 1 ààbọ̀ ní ìbú, tí àjà rẹ̀ ga tó mítà 2.7, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ju bíi kúbíìkì mítà 8 lọ. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, iná yẹn ti nílò gbogbo rẹ̀. Ewu kì í sì í dúró dìgbà yẹn: ní kété tí ọ́síjìn bá ti ń dínkù tí èéfín sì ń padà wọ ojú iná ni carbon monoxide ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí òtútù ọyẹ́ ló ń yára kó sínú rẹ̀ jù.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yin àti ọmọ. Ẹ sọ fún dókítà pé híta onígáàsì wà nínú balùwẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àyẹ̀wò ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn kò mọ ìyàtọ̀: ó lè kọ 98 fún ẹni tí èéfín yìí ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún carbon monoxide ló ń fi í hàn, ó sì ń lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan téèyàn bá ti kúrò níbi èéfín, nítorí náà, bó bá tún ṣe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lọ lójú ẹsẹ̀. Aboyún ní pàtàkì kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, nítorí ó ń ran ọmọ inú. Bí ẹnì kan bá sì dákú nínú balùwẹ̀ tí híta wà, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wọ́ ọ jáde sí ibi tí atẹ́gùn wà ná. Omi tútù àti àgbo kò kan ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ti híta, ibi tó dára jù fún un nílé wa ni ìta: ara ògiri ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ òrùlé tó yọ síta, níbi tí òjò kò ti lè pa á tí ìjì kò sì ti lè fẹ́ iná rẹ̀ pa. Ẹ gbé e sí gíga tí ojú yín á fi máa rí iná nínú rẹ̀, bíi mítà 1 ààbọ̀ sílẹ̀. Kó jìnnà sí fèrèsé yàrá tó mítà kan ààbọ̀, kí èéfín má baà gba ibẹ̀ wọlé. Páìpù omi gbígbóná nìkan ni kó gba ara ògiri wọ balùwẹ̀, kó sì jẹ́ PPR tàbí CPVC tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná. PVC funfun tí wọ́n ń lò fún omi tútù á rọ̀, á sì já ní ojú ìsopọ̀.

Bí kò bá sí ààyè níta, ilé ìdáná tó fẹ̀ lè gbà á, àmọ́ híta tó ní ojú páìpù èéfín lórí nìkan ni. Páìpù náà gbọ́dọ̀ jáde síta gbangba. A ti ń rí àwọn tó jẹ́ pé inú àjà ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Èéfín yẹn á tún gba ojú àjà bọ́ sórí ibùsùn. Ẹ dá ihò atẹ́gùn méjì sára ògiri, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí ẹnikẹ́ni má sì fi páálí dí wọn. Híta tí kò ní ojú páìpù èéfín rárá, ìta ni ti rẹ̀, kò sí ibòmíràn. Híta onígáàsì tí Benjamin Waddy Maughan ṣe ní London ní 1868 kò ní páìpù èéfín, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ fi rí i pé ó yẹ kó ní. Kò yẹ kí ilé tí wọ́n kọ́ lónìí tún padà síbi tí tọdún 1868 wà.

Híta mi ń fa wàhálà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi kún táńkì, á tàn. Bó bá di ọjọ́ kẹta, mo lè ṣí omi títí, kò ní dún pẹ́. Púlọ́ńbà ní òun máa fi wáyà so súwíìṣì inú rẹ̀ kó lè máa tàn nígbà gbogbo. Ṣé kí n gbà?
*Onílé kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ má gbà o, ọ̀gá wa. Súwíìṣì yẹn ló ń mọ̀ pé omi ń kọjá. Bí wọ́n bá so ó pa, iná lè máa jó nígbà tí omi kò sí nínú kọ́ílì bàbà. Kọ́ílì á jóná, ooru á sì yọ́ ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Omi tó ń wọlé ń ti rọ́bà pẹlẹbẹ kan. Rọ́bà náà ń ti ọ̀pá kékeré. Ọ̀pá ń ṣí gáàsì, ó sì ń tẹ súwíìṣì. Bátìrì á wá ta iná sórí gáàsì. Nítorí náà, etí ni ẹ fi máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ kò bá gbọ́ kí ó ta "ka-ka-ka" rárá, omi tàbí bátìrì ni. Bó bá ń ta tí iná kò mú, gáàsì ni: sílíńdà ti tán, tàbí wọ́n ti í pa, tàbí afẹ́fẹ́ wà nínú họ́ọ̀sì lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ sílíńdà. Èyí á lọ bí ẹ bá ṣí omi kí ẹ sì tún tì í ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Bó bá mú tó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, abẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ iná ló dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi sáńpépà tó kúnná jù nù ún. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé inú ilé ni híta wà, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ṣọ́ ọ́síjìn ló pa iná nítorí pé atẹ́gùn ti tán. Ẹ padà sí ìdáhùn òkè. Tó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú 20 gééré ló máa ń kú, kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ híta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó wà nínú balùwẹ̀ má baà pẹ́ jù.

Ti yín, omi ni. Gíga mítà kan láti ojú omi nínú táńkì dé orí ṣáwà ń fún yín ní agbára omi tó jẹ́ bar 0.1. Ẹ wo ara híta: bí wọ́n bá kọ 0.02 MPa, bar 0.2 nìyẹn, ìyẹn mítà 2. Bí wọ́n bá kọ 0.03, mítà 3 ni. Táńkì tó ga ní mítà kan ààbọ̀, tí omi inú rẹ̀ ti fẹ́ tán, ti pàdánù mítà kan lára gíga yẹn. Ìdí nìyí tó fi ń tàn bí táńkì bá kún, tí kì í sì í tàn lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ gbé korobá líítà 10 sábẹ́ ṣáwà, kí ẹ ṣí omi dé òpin nígbà tí híta kò tàn. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú 4 lọ kó tó kún, omi yín kò tó líítà 2.5 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ híta kì í sì í tàn bí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò náni lówó: ẹ ti omi, ẹ tú ibi tí omi ti ń wọ híta, ẹ yọ asẹ́ kékeré tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Omi bọ́hó tó ń pọ́n bí ìpata máa ń dí i pa. Ẹ tú orí ṣáwà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú. Bí kò bá tíì tó, ẹ pààrọ̀ páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti táńkì, kó kúrò ní ìdajì íǹṣì kó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ̀ táńkì ga sí i. Pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi náà wà, ṣùgbọ́n iná mọ̀nàmọ́ná ni yóò lò, nítorí àìsí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ṣe ra híta onígáàsì.

Bátìrì rẹ̀ ni àwọn ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní size D. Ẹ ra alkaline, kí ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ yọ wọ́n, torí omi inú bátìrì tó bá dà sílẹ̀ máa ń jẹ irin ibẹ̀.

Mo ra híta tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ó tàn, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń yọ èédú dúdú lókè, nígbà mìíràn tí mo bá ṣí omi á dún "gbùù" kó tó mú. Ṣé ó kàn nílò sáfíìsì ni?
*Oníṣòwò, Abẹ́òkúta*

Sáfíìsì nìkan kò ní tó. Ẹ wo pátákó kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ G20, 20 mbar (mbar ni ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń jáde), gáàsì tí wọ́n ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé wọ ilé níbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Gáàsì sílíńdà tiwa ni wọ́n ń kọ ní LPG, tàbí G30 tàbí G31, bíi 28 sí 30 mbar ni rẹgulétọ̀ ilé wa sì ń fún un jáde. Nínú ìwọ̀n àyè kan náà, gáàsì sílíńdà ní ooru tó tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti páìpù. Ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú híta yín, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ti fẹ̀ jù fún un. Gáàsì ń pọ̀, atẹ́gùn kò tó o, iná pọ́n, èédú sì jáde. Èédú yẹn ń dí àlàfo tó wà lára kọ́ílì bàbà, èéfín kò ní lè gòkè mọ́, á máa padà síwájú. Níbi tí èédú bá wà, carbon monoxide ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ihò tó ti fẹ̀ kò ṣeé mú kéré. Wọ́n ní láti pààrọ̀ gbogbo jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ti LPG tí ilé iṣẹ́ tó ṣe híta náà ṣe fún un, kí wọ́n sì tún agbára gáàsì inú rẹ̀ wọ̀n. Bí ẹ kò bá rí jẹ́ẹ̀tì yẹn rà, ẹ má lo híta náà. Ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti náwó, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n mìíràn tó láàbò.

Ohùn "gbùù" yẹn ni gáàsì tó ti kóra jọ kí iná tó dé bá a. Yàtọ̀ sí jẹ́ẹ̀tì, bátìrì tó rẹ̀ lè fà á, tàbí abẹ́rẹ́ tó ń ta iná tó ti wọ́. Ó yẹ kí ó fi bíi mílímítà 3 sí 5 jìnnà sí ojú iná. Ẹ má dúró kó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Fún àwọn tí híta wọn jẹ́ ti LPG láti ìbẹ̀rẹ̀ tí iná rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, eruku ọyẹ́ tàbí aláǹtakùn ni. Aláǹtakùn fẹ́ràn ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ojú iná. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì dára kó jẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, bí oṣù kẹta. Á ti gáàsì, á yọ bátìrì, á tú ìdérí, á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú iná àti àlàfo kọ́ílì láti òkè wá, á sì fi ọṣẹ yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò kó tó dé e padà. Ẹ dúró tì í kí ẹ wo iná: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù, kó dúró ṣinṣin, kó tẹ́ káàkiri ojú iná.

Níbo ló yẹ kí sílíńdà híta wà, báwo la sì ṣe ń mọ̀ pé kò jò?
*Ìyàwó ilé, Ìkòròdú*

Ìta, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró lóòró. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sílíńdà kó lè tán pátápátá, gáàsì tó ṣì jẹ́ omi ló máa bá họ́ọ̀sì lọ, iná á sì ru. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń wá, nítorí náà ẹ má gbé sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, gọ́tà tàbí ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà. Bí ó bá ti tó bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn ibì kan, ó lè gbiná.

Ẹ da ọṣẹ olómi ìwọ̀n kan pọ̀ mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, kó hó. Ẹ ṣí sílíńdà láìtan híta, kí ẹ fi kànìnkàìn tọ́ ọ sí ẹnu sílíńdà, rẹgulétọ̀, ìkángun họ́ọ̀sì méjèèjì àti ibi tí gáàsì ti ń wọ híta. Ibi tó bá ń hó sí i ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá gáàsì tó ń jò láéláé. Ẹ ṣe èyí nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà.

Họ́ọ̀sì gáàsì gan-an ni kí ẹ lò, kì í ṣe rọ́bà omi, kó má gùn ju mítà 1 ààbọ̀ lọ, kó ní kílíìpù irin tí a fi sukudiráfà fún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka. Bó bá ti ní ìlà lára tàbí tó ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìwo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ tún wo iye kílò ní wákàtí kan tí wọ́n kọ sára rẹgulétọ̀. Híta líítà 10 ń fẹ́ bíi kílò 1.6 ní wákàtí kan. Rẹgulétọ̀ sítóòfù tó jẹ́ kílò 1 yóò máa fi ebi pa á.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde. Ẹ má tan súwíìṣì kankan, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn. Ìta ni kí ẹ ti pe 112. 767 náà wà fún ará Èkó.

Táńkì híta onígáàsì gálọ́ọ̀nù 40 ló wà nínú gáréèjì wa. Páìpù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kán omi tó, táńkì náà sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń yan gúgúrú. Ẹ̀gbọ́n mi nílé ní kí n fi nǹkan dí páìpù náà. Àwọn òbí mi sì ń bọ̀ wá kí wa, wọn kò mọ̀ nípa omi gbígbóná ibí.
*Nọ́ọ̀sì kan, Houston*

Ẹ bá wa sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn páìpù yẹn ni fáàfù ààbò wà, èyí tí wọ́n ń pè ní T&P. Ó ń ṣí bí agbára inú táńkì bá dé 150 psi tàbí tí omi bá gbóná dé 210°F. Bí ẹ bá dí i, tí thermostat, ohun tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń gbóná tó, sì kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan, omi á gbóná kọjá ìwọ̀n tó ń hó níta láìrí ọ̀nà jáde. Nígbà tí irin bá wá ya, apá kan omi yẹn á di oru (steam) lẹ́ẹ̀kan náà, á gba àyè tó lé ní ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Ó ti gbé táńkì gba òrùlé jáde rí.

Ẹ wá ohun tó ń mú un kán. Ẹ ra géèjì omi, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ omi ìta ilé: bó bá ju 80 psi lọ, ẹ nílò fáàfù tó ń dín agbára omi kù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán nìkan ló ń kán, omi ló ń fẹ̀: gálọ́ọ̀nù 40 tó kúrò ní 60°F dé 120°F ń lé sí i tó bíi ìdajì gálọ́ọ̀nù. Bí fáàfù kan kò bá jẹ́ kó padà sínú páìpù ìlú, púlọ́ńbà gbọ́dọ̀ fi táńkì kékeré tó ń gba omi tó fẹ̀ kún un. Bí méjèèjì kò bá sí ńbẹ̀, T&P fúnra rẹ̀ ló gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ohùn gúgúrú yẹn ni erùpẹ̀ omi tó ti dì sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí gáàsì sí PILOT, kó ku iná kékeré tó ń jó nígbà gbogbo nìkan, ẹ ti omi tútù tó ń wọlé, ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ìsàlẹ̀ kó dé ìta, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé, kí omi ṣàn. Ẹ máa ṣí omi tútù díẹ̀díẹ̀ kó lè gbọn erùpẹ̀ dìde, títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́. Ẹ ṣọ́ra, omi yẹn ń bó ènìyàn. Kí táńkì kún padà kí ẹ tó dá iná pa dà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀pá anode tí ìpata ń jẹ dípò táńkì.

Bí iná pilot bá kú, ẹ yí i sí OFF, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ gbóòórùn sún mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó tún tàn án. Ẹ má tọ́jú epo bẹntiróòlù sínú gáréèjì yẹn, nítorí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbà rìn títí dé ibi iná.

Fún Bàbá àti Màmá, ẹ fi í sí 120°F. Ní 140°F, ìṣẹ́jú àáyá 6 tó láti bó àgbàlagbà dénú ẹran. Ní 130°F, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni. Awọ ara arúgbó àti ti ọmọ ọwọ́ kì í pẹ́ tó ìyẹn kó tó bó. Kí omi tútù ṣáájú nínú báàfù, kí gbígbóná tó tẹ̀lé e.

Láńlọ́ọ̀dù wa ní ìbátan òun ló máa ń tún bọ́ìlà ṣe. Ṣé mo lè bi í léèrè ìwé?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Peckham, London*

Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì níbẹ̀, nìkan ló lè fọwọ́ kan gáàsì. Ìwé orúkọ yìí ló rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, CORGI, ní 1 oṣù kẹrin 2009. Oníṣẹ́ náà ní káàdì pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ẹ̀yìn káàdì náà sì ń sọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe, ẹ kà á. Láńlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Láti 1 oṣù kẹwàá 2022, ó tún gbọ́dọ̀ fi aago carbon monoxide sí yàrá tí bọ́ìlà bá wà ní England. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì tàbí tí aago náà ké, ẹ jáde, kí ẹ pe 0800 111 999.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, aago carbon monoxide jẹ́ ẹ̀bùn tó wúlò gan-an fún ilé tó ní híta tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í kọjá ọdún 7 sí 10.

Líítà mélòó ló tó fún ilé tó ní balùwẹ̀ kan? Wọ́n ń pọn 16 fún mi.
*Olùkọ́ àgbà, Òṣogbo*

Líítà 6 tó yín, ọ̀gá. Iye tí wọ́n kọ yẹn ni omi tí híta lè mú gbóná sí i ní 25°C ní ìṣẹ́jú kan. Omi táńkì wa ti tó bíi 27°C kí ẹ tó tan nǹkan kan, omi ìwẹ̀ kò sì yẹ kó ju 40 lọ. Bíi 13°C lásán ni ẹ ń wá. Líítà 16 á kàn bó yín ni, nítorí omi wa kì í ṣàn tó bí híta yẹn ṣe ń fẹ́.

Lára híta, ẹ wo kókó tó ní àwòrán oòrùn àti ti yìnyín. Ẹ yí i sí oòrùn. Apá kan ojú iná ni yóò máa jó. Ẹni tó ń wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú iná dé òpin ń lo bíi gíráàmù 150, sílíńdà kílò 12.5 á sì tó ìwẹ̀ bíi 80. Bí ẹ bá dín iná kù bó ṣe yẹ, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù lára ti líítà 16, ẹ fi ra páìpù PPR tó gùn tó láti gbé híta sí ẹ̀yìn ilé, àti orùlé kékeré tí yóò bò ó lọ́wọ́ òjò.